Ojú Odò Tọvi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ odò Tọvi nígbà tó wà láyé kò nílò ìwé. Kó ṣáà ti etí ọ̀sà tó wà lẹ́yìn Ablogamé gbéra, kó kẹ̀yìn sí òkun, kó máa tọ ipa omi náà lọ láàárín oko gbágùúdá àwọn ará Bè-Kpota, títí yóò fi kan ìdí òkè pupa kan lọ́nà Légbassito. Ibẹ̀ ni odò náà ti ń yọjú láti inú ilẹ̀. Odò kékeré ni, kí a má parọ́. Níbi púpọ̀, ọmọdé lè fò ó kọjá, ewúrẹ́ pàápàá kì í bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn Ẹ̀wẹ̀ tó ni ilẹ̀ ló ń pè é ní Tọvi, ìyẹn ni pé odò kékeré, orúkọ náà sì bá a mu.

Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Òkè tí odò náà ti ń wá fẹ̀ lórí, ó tẹ́jú, igbó sì bò ó nígbà náà. Òjò tó bá rọ̀ sí ẹ̀yìn òkè a máa ṣàn lọ bá odò Zio. Èyí tó bá rọ̀ sí iwájú, ti Tọvi ni. Kì í sáré sọ̀ kalẹ̀. Ewé á kọ́kọ́ gbà á, gbòǹgbò á gbà á lọ́wọ́ ewé, ilẹ̀ á gbà á lọ́wọ́ gbòǹgbò, á wá máa yọ díẹ̀díẹ̀ nídìí òkè, lẹ́ẹ̀rùn, lójò. Ó mọ́, ó tutù, kò ní iyọ̀. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Lomé. Ìlú etí òkun ni. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga nísàlẹ̀, omi ọbẹ̀ ló gbẹ́.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àsíátù mọ odò yìí bí ẹni mọ ojú ọmọ tó bí. Aláró ni. Etí Tọvi ni wọ́n bí i sí, láàárín ìkòkò aró, nígbà tí àwọn Jámánì ṣì ń pàṣẹ ní Lomé. Sàrátù ìyá rẹ̀ ló tẹ ibẹ̀ dó. Ìsẹ́yìn ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá ta aṣọ. Ọkọ kú nígbà tí oyún Àsíátù wà nínú rẹ̀, aṣọ tán, obìnrin náà sì rí i pé omi odò yìí bá aró mu ju omi ibikíbi tí òun ti dé lọ. Ó tọrọ etí odò lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, wọ́n fún un. Nígbà tí ohun tí à ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn Faransé ti gbàjọba lọ́wọ́ Jámánì tipẹ́, Sàrátù ti darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kọṣẹ́, orí ẹní ló ń wà. Àsíátù wá di olórí ilé aró, ó sì mọ̀ pé olórí ni òun, nítorí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ aró, torí ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti wọlé. Aláró kì í kàn bu omi lásán sí ẹ̀lú, ewé aró. Omi eérú ló ń lò. Á kó eérú sínú ìkòkò tí wọ́n dá ìdí rẹ̀ lu, á gbé e lé orí ìkòkò mìíràn, á wá bu omi odò sí i. Omi á rọra gba inú eérú kọjá, á máa kán tó, tó, tó sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi kíkán yẹn ló ń sọ ẹ̀lú di aró. Nígbà mìíràn eérú á dí ihò náà pa, omi kò ní kán mọ́, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ á sì máa wo ara wọn lójú. Àsíátù kì í wo ẹnikẹ́ni lójú. Á mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á fi gún ihò náà láti ìsàlẹ̀, omi á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. "Ojú rẹ̀ ló dí," ni yóò wí, bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ mọ̀ láyé pé ihò máa ń dí.

Lọ́dún tó tẹ̀lé rògbòdìyàn owó orí, nígbà tí ẹnu gbogbo ará Lomé ṣì wúwo, tí kò sí ẹni tó fẹ́ kí ìjọba mọ orúkọ òun, ni àwọn yovó, ìyẹn àwọn òyìnbó, gun òkè náà. Títì ni wọ́n fẹ́ ṣe, yangí ni wọ́n wá wa. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ dandan mú wá, wọ́n gé igbó, wọ́n hú gbòǹgbò, wọ́n wa iwájú òkè títí ó fi pọ́n bí ojú egbò. Àwọn onílẹ̀ dúró, wọ́n ń wò. Ìdíátù, tó kéré jù nínú àwọn aláró tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju ti gbogbo wọn lọ, ní kí àwọn lọ sọ fún Kòmáńdà, ọ̀gá ìjọba Faransé níbẹ̀.

"Ká sọ kí ni?" ni Àsíátù bi í. "Pé kó má wa ilẹ̀ tó ti gbà?"

"Ká ṣáà sọ fún un pé odò wà nísàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé ojú rẹ̀ fọ́ ni, tí kò rí i?"

Wọn kò lọ. Ta ni yóò lọ? Àwọn obìnrin tó pariwo nítorí owó orí, gbogbo ìlú ló rí bí sójà ṣe fi ìbọn pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ọdún yẹn náà ni odò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Bí òjò bá rọ̀, á kún lójijì, omi pupa, á gbé igi, á gbé ìkòkò, á kọjá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kò ní ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ mọ́. Òkè tí wọ́n ti bọ́ láṣọ kò lè mu omi. Òjò ń bọ́ sórí yangí, ó ń yọ̀ lọ sínú ọ̀sà ní kíákíá, ilẹ̀ kò rí nǹkan kan pamọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wá dé, okùn náà tún tín-ín-rín sí i, àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ wa yanrìn kí wọ́n tó rí omi bù. Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ ni í gbẹ. Ẹ fi àwọn àgbà sílẹ̀ jàre. Tọvi kò gbàgbé ibì kankan. Orí òkè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

Àsíátù kò lè sùn dáadáa mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó gun ọ̀nà ìdí òkè lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ojú omi náà, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Amọ̀ funfun kan wà níbẹ̀, ó ki, ó ń dán, orí amọ̀ náà ni omi máa ń gbà yọ. Ní báyìí, ẹrẹ̀ pupa láti ibi tí wọ́n ti ń wa yangí ti ṣàn wá dí ibẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ inú ẹrẹ̀ náà. Omi wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tutù sí i lọ́wọ́. Ó sáré padà sí ilé aró, ó pè wọ́n jọ.

"Ojú rẹ̀ ló dí," ló wí.

Ó rán wọn lọ pe Àkànní, àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀, ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí iṣẹ́ ju bí ẹnu rẹ̀ ti yá sí ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n kọ́kọ́ lọ kí bàbá onílẹ̀. Bàbá náà ní omi ni àwọn fi fún Sàrátù, kí wọ́n ṣe é bí wọ́n bá ti mọ̀. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ilé aró tẹ̀lé Àkànní lọ sí ìdí òkè, tòun ti ọkọ́, dígà àti ọ̀pá irin gígùn kan. Àkànní wo ibẹ̀, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

"Ìyàwó wa, ṣé ó dá yín lójú?"

"Láti ìgbà wo ni mo ti ń gún ìkòkò?"

"Ìkòkò kọ́ nìyí."

"Omi ni omi ń jẹ́, Àkànní. Bí ojú ibi tó ń gbà bá dí, wọn á gún un. Àbí ká káwọ́ gbera, ká máa wò ó títí yóò fi kú?"

Àkànní bọ́ ẹ̀wù. Ó fi ọkọ́ kó ẹrẹ̀ pupa náà kúrò, kò sì pẹ́ tí omi fi bú jáde. Ó kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà ó mọ́, ó ń ṣàn gba àárín ẹsẹ̀ wọn. Ìdíátù sọ ara rẹ̀ sínú rẹ̀ tòun ti ìró ìdí rẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bu omi wọ́n ara wọn lójú, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Àsíátù. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí, ìtàn yìí ìbá ti parí síbẹ̀, ìtàn ayọ̀ ni ìbá sì jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń yìn kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Àsíátù wo omi tó ń jáde náà, ó rò ó pé bí wọ́n bá kó ẹrẹ̀ lásán tó fi rí báyìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá gún un wọlé? Ó na ọwọ́ sí amọ̀ funfun náà.

"Fi irin gún ibẹ̀ yẹn. Gún un dáadáa. Ó yẹ kí ó tó wa dé ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀."

Àkànní gbé ọ̀pá irin náà sókè, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Amọ̀ náà le. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, ó ń gún irin náà mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gúnyán. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Ṣùgbọ́n èyí kọjá ẹ̀mọ. Lójijì irin náà bọ́ wọlé títí dé ọwọ́ Àkànní, òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lé e. Nígbà tó fà á yọ, ihò náà mí. Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ó fa afẹ́fẹ́ sínú bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ.

Omi tó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ dúró. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ihò náà lọ.

"Ẹ dí i!" ni Àsíátù kígbe. "Ẹ dí i, ẹ dí i!"

Wọ́n fi amọ̀ dí i, ó gbé amọ̀ náà mì. Àkànní tẹ àpò irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, ihò náà tún fẹ̀ sí i, etí rẹ̀ ń ya lulẹ̀. Àsíátù tú ìborùn kúrò lórí ara rẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé èjìká. Kò kan omi. Yanrìn ló kàn, yanrìn funfun tó gbẹ, tó jinlẹ̀, tí kò ní ìsàlẹ̀. Nígbà náà ló tó yé e pé amọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tó dí omi lọ́nà. Òun ló ń gbé omi dúró. Ìdí ìkòkò ni, òun sì ti ní kí wọ́n dá a lu.

Títí wọ́n fi kí ìrun ọ̀sán, omi kan kò sí nídìí òkè mọ́, ilẹ̀ tútù lásán ló kù. Wọ́n jókòó yí ihò náà ká, kò sí ẹni tó lè wo ojú ẹnìkejì. Àkànní, tí kì í sọ̀rọ̀, ló wá ń sọ̀rọ̀.

"Omi ló dànù," ló wí, "agbè ò fọ́."

"Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́," ni Ìdíátù wí. "Agbè ló fọ́."

Àsíátù fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Sàrátù gbọ́ ọ tán lórí ẹní, ó kọjú sí ògiri, ó ní kí wọ́n bá òun bu yanrìn mímọ́ sínú igbá. Láti ọjọ́ náà, yanrìn ni ìyá náà fi ń ṣe àlùwàlá, bí àwọn arìnrìn-àjò inú aṣálẹ̀. Kò bá ọmọ rẹ̀ wí. Ìyẹn ló burú jù fún Àsíátù; ìbá tẹ́ ẹ lọ́rùn kó gbá a létí.

Ayé wọn wá di rírìn. Wọ́n ń lọ pọn omi ní kànga ìsàlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà, ọ̀nà jìn, omi náà sì níyọ̀. Wọ́n bù ú sí eérú, ẹ̀lú kò wú, aró rà, aṣọ tí wọ́n sì yọ jáde ní àwọ̀ ẹrẹ̀. Àwọn tó gbé kíjìpá wá láti ọjà ńlá wò ó, wọ́n kọ̀ ọ́. Aláró kan kó ẹrù lọ sí Kútọnú. Òmíràn ń ta ata ní Ablogamé. Ìdíátù ṣì ń wá sí ilé aró, ṣùgbọ́n ó ń jókòó ni, ìkòkò ń là lẹ́yìn rẹ̀ nínú oòrùn.

"Ẹ jẹ́ ká gbé Ìyá lọ sílé, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí lọ́jọ́ kan. "Ìsẹ́yìn ṣáà ní omi."

Sàrátù gbọ́ ọ láti inú yàrá. "Ta ló mọ̀ mí ní Ìsẹ́yìn?" ló bi wọ́n. "Gbogbo àwọn tí mo fi sílẹ̀ ló ti kú. Ọkọ mi wà nínú ilẹ̀ níbí. Ẹ ó wá fi ẹní gbé mi lọ sáàárín àjèjì, kí n lọ kú síbẹ̀?"

Àsíátù mọ ohun kan ṣá: bí omi kò bá sí, ilé aró á tú, bí ilé aró bá sì tú, wọ́n á gbé ìyá yìí kúrò níbẹ̀, ọ̀nà ni yóò sì kú sí. Ọwọ́ òun, Àsíátù, ló sì fà á. Ó ń ronú rẹ̀ nígbà tó bá ń jẹun, ó ń ronú rẹ̀ lórí ìrun.

Inú ìrònú yìí ló wà nígbà tí Cyprien dé. Ọmọ Pọ̀tọ̀nóvò ni Cyprien, Kìrìsìtẹ́nì ni, akọ̀wé àti ògbufọ̀ lọ́dọ̀ yovó kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kànga. Àsíátù ti máa ń pa aṣọ ìyàwó Cyprien láró.

"Bọ́ńjúù, Màmá. Sava?" ló kí i. Kò dúró gbọ́ èsì. "Ìjọba fẹ́ gbẹ́ kànga jíjìn kan lọ́dún yìí, onísímẹ́ńtì, lórí ilẹ̀ gíga níbi tí iyọ̀ kò dé. Ibi tí kò bá ní omi rárá ni wọ́n máa fún. Ẹ múra ká lọ."

Àsíátù wọ aṣọ tó dára jù tó ní. Ní ọ́fíìsì, yovó náà kò fi ìgbéraga gbà á. Ó ní kó jókòó, ó gbọ́ ohun tí Cyprien túmọ̀, ó sì lọ fa ìwé ńlá kan yọ láti inú àpótí, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Gbogbo Lomé ló wà nínú ìwé náà. Ó fi ìka tọ ọ̀sà, ó fi tọ Bè-Kpota, ó wá fi tọ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ sókè.

"Voilà," ló wí, ìyẹn ni pé òun nìyí. "Tọvi."

Àwọ̀ aró ni wọ́n fi ya ìlà náà. Wọn kò gbàgbé kọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀: ibi tó ti ṣẹ́ kọ́nà lábẹ́ igi àgbọn, ibi tí àwọn ìṣàn kéékèèké ti ń wọ̀ ọ́ nígbà òjò, ibi tó ti ń fẹ̀ kó tó dé ọ̀sà. Àsíátù wò ó, omi bọ́ lójú rẹ̀. Odò òun ti kú lóko, ó wá sanra nínú ìwé.

"Ó ní ibi tó ní odò kò lè gba kànga," ni Cyprien túmọ̀, kò sì gbójú sókè. "Ó ní abúlé tí kò ní ọ̀kankan pọ̀."

"Ẹ sọ fún un pé ó ti gbẹ."

"Mo ti sọ ọ́, Màmá. Ó ní odò a máa dínkù lẹ́ẹ̀rùn, ó tún ń padà."

Ká sọ òdodo nípa Cyprien, ó bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ yovó náà ní Faransé gígùn kan, ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe, títí yovó fi rẹ́rìn-ín tó sì gbà pé òun yóò wá fi ojú ara òun rí i. Ó dá ọjọ́ Àlàmísì kan, nígbà tí àkókò òjò kò tíì wọlé. Bó bá rí yanrìn, ó ní, kànga di tiwọn. Àsíátù kúnlẹ̀ fún un lórí símẹ́ńtì ọ́fíìsì náà, ojú sì ti yovó, ó ń gbé e dìde, ó ń sọ pé "Non, non, Maman."

Ó wálé, ó sọ fún gbogbo wọn, ilé aró sì yọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́. Kí ni ó kù? Kí yovó wá, kó wo yanrìn. Yanrìn kò sì wọ́n wọn. Ìdíátù ní òun yóò gbá a kó lè dára lójú rẹ̀. Sàrátù pàápàá ní kí wọ́n gbé òun jókòó.

Ohun kan ló wá kù tí ọwọ́ ènìyàn kò tó. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, Àsíátù kò kí ìrun kan kó má tọrọ òjò. Òun àti gbogbo ìlú ni. Nígbà tí Àlàmísì náà kù sí dẹ̀dẹ̀, ìkúukùu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti ìhà òkun, àwọn àgbẹ̀ ń fi í han ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àsíátù wò ó, kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Àánú Ọlọ́run ni òjò. Mùsùlùmí kì í sọ pé kó má wá. Síbẹ̀, bó ṣe fi orí kanlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ ni pé: Olúwa, ẹ dákun, kó má ṣe ọ̀la. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀tunla. Ojú tì í lórí ẹní ìrun, ṣùgbọ́n kò kó ọ̀rọ̀ náà jẹ.

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí àsùbáà tán ni ó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe winniwinni. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún ni, tòun ti ìjì, ó ń lu orí òkè tí kò láṣọ náà, omi sì ń tú láti ibẹ̀ wá ní pupa. Nígbà tí oòrùn fi yọ, òjò ti dá, Tọvi kún, ó ń dún láti ìdí òkè dé ọ̀sà, ó lẹ́wà ju bó ti rí nígbà tó wà láàyè.

Àsíátù dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé aró, ó ń wò ó. Ó rò ó bóyá yovó kò ní wá, nítorí ẹrẹ̀. Ó wá pe àwọn obìnrin jọ.

"Ẹ gbọ́ mi. Bí ó bá wá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ìkòkò sún mọ́ omi yẹn. Ẹ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Èmi yóò ṣàlàyé fún un. Ọmọlúàbí ni, yóò gbọ́."

Ó wá. Ó fi mọ́tò sílẹ̀ lórí títì, ó wọ bàtà ńlá, ó ń fò lórí ẹrẹ̀ bí ọmọdé. Cyprien tẹ̀lé e lẹ́yìn, ojú rẹ̀ ti rẹ̀ wẹ̀sì. Nígbà tí yovó rí omi náà, ó bọ́ akoto orí rẹ̀, ó dúró, inú rẹ̀ dùn. Ó ní odò náà dára. Ó tilẹ̀ ní ó fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe yà á nínú ìwé lọ, àwọn yóò tún un yà.

Àsíátù kò dúró de ògbufọ̀. Ó wọ inú omi náà tààrà, ó dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Mùsé Cyprien, ẹ bá mi sọ fún un. Omi òjò ni. Ó ń kọjá ni. Kó padà wá lọ́la, yanrìn ni yóò bá. Kó wá lọ́la péré."

Cyprien túmọ̀ rẹ̀. Yovó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn.

"Ó ní gbogbo odò ayé, omi òjò ni, Màmá."

"Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo dá ojú rẹ̀ lu! Èmi ni mo ní kí wọ́n gún un. Kò ní ojú mọ́!"

Cyprien wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó túmọ̀ ìyẹn náà. Yovó gbé ojú lọ sórí òkè, ó gbé ojú padà sára obìnrin tó ti ń darúgbó, tó dúró nínú omi, ó sì mi orí.

"Ó ní ẹ má da ara yín láàmú. Ó ní kò sí ènìyàn tó lè pa odò."

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, omi ti ń fà. Àsíátù mọ̀ ọ́n lára. Ó ti kúrò ní ọrùn ẹsẹ̀, ó ti ń lọ sí gìgísẹ̀. Àwọn obìnrin náà rí i láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n dúró ti ìkòkò òfìfo wọn, wọ́n ń wo omi tí kò níyọ̀ tó ń lọ dànù sínú ọ̀sà, omi tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ wá láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n fara dà á. Ìdíátù ló kọ́kọ́ bẹ́. Ó gbé ìkòkò, ó sá wọ odò, ó ń sunkún bó ti ń sáré, ó ń wí pé, "Ẹ forí jì mí, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí." Nígbà tí àwọn yòókù rí i, kò sí ẹni tó lè dúró mọ́. Wọ́n ya sínú omi náà pẹ̀lú agbada, pẹ̀lú korobá, pẹ̀lú igbá, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń bù ú.

Yovó nawọ́ sí àwọn obìnrin náà, ó fi wọ́n han Cyprien. Ó dé akoto, ó kọjú sí ọ̀nà mọ́tò.

Àsíátù la ẹnu láti pariwo mọ́ wọn. Wọ́n ń jẹ́rìí ta ko ara wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ti kànga pa, àbí wọn kò mọ̀ ni? Wọ́n mọ̀. Ó wo omi tó ń lọ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rántí Sàrátù tó jókòó sórí ẹní, tí wọ́n ti fi aṣọ ọ̀rinrin nù lára láti ìgbà wo, tí kò béèrè omi ìwẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Korobá kan léfòó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mú un.

Kí yovó tó wọ mọ́tò, ó yíjú padà láti wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó rí obìnrin tó bá a sọ̀rọ̀ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú omi ju gbogbo wọn lọ, ó ń bù ú kánkán pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó juwọ́ sí i.